Báwo Lẹ Ṣe Ń Tọ́jú Iná?

Òórùn eruku tó ń jóná lára hítà ni mo fi ń rántí Ardwick, àdúgbò tí mo gbé ní Manchester. Ìwọ náà á mọ òórùn yẹn tí o bá ti gbé Manchester rí. Tí òtútù bá kọ́kọ́ dé, tí wọ́n tan hítà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti oṣù mélòó kan, eruku tó ti sùn sí i lára á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo yàrá á wá máa rùn bí irun tí iná jó. Ilé màmá kan ni mò ń gbé nígbà náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Yorùbá tó ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí mi. Yàrá òkè ló fún mi. Tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ibi tábìlì yẹn ni mo ti ja ìjà tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Ìjà náà kò ní ariwo nínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, mi ò sì tíì tọrọ gáfárà lórí rẹ̀ títí di òní.

Kí n tó wá síbí, tíṣà ni mí ní ìlú kan tó wà lórí òkè ní Èkìtì. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè ló ń já èrò sí, ẹsẹ̀ la fi ń gun èyí tó kù, lórí òkúta tó máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ohunkóhun tí o bá rí lókè lọ́hùn-ún, orí ènìyàn ló gbé e débẹ̀: páànù, sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ ìránṣọ, àga ṣọ́ọ̀ṣì. Wáyà iná ìjọba dé ìsàlẹ̀ òkè, ó dúró síbẹ̀. Ní ọdún kan, àwọn kan kó páànẹ́lì sólà wá fún wa pẹ̀lú bátìrì ńláńlá mẹ́rin. A gbé wọn gòkè, èmi náà di igun kan mú, èjìká mi sì dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀kan lọ sí ààfin, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀kan sí ilé ìgbẹ̀bí. Inú wa dùn débi pé a ò bi àwọn tó kó wọn wá léèrè ẹni tí yóò máa gun òkè wá wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó gùn ún. Kí ọdún kejì tó pé, mẹ́ta nínú wọn ti kú. Ti ilé ẹ̀kọ́ wa wà lára wọn, òun la wá fi ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì kí atẹ́gùn má baà gbá a.

Nítorí bátìrì yẹn ni mo ṣe wá sí Manchester. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa á. Mo wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná tí oòrùn, omi àti atẹ́gùn ń fúnni, àti bí a ṣe lè kó o pa mọ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá ní kíláàsì, mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Levenshulme, iṣẹ́ ìtọ́jú tí àwa tó wà níbí ń pè ní care. Nígbà tó tó àkókò láti yan ohun tí a máa kọ ìwé ìwádìí lé lórí, ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́, orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè olókè ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí iná ti ṣòro láti gbé dé nìwọ̀nyí, ó ní kí n mú ọ̀kan. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mi ò rí tiwa.

“Orílẹ̀-èdè rẹ kì í ṣe ilẹ̀ olókè,” ó sọ fún mi.

Mo bi í bóyá ó ti gbé bátìrì gun òkè wa rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nínú ọkàn mi, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tiwọn ò ní in. Ó ní kò burú, kí n lọ kọ nípa ìlú mi, ṣùgbọ́n kí n rí i pé ẹ̀rí wà fún ohun tí mo bá sọ.

Mo wá kọ ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwọn ará ìlú. Èdè òyìnbó ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí n tó sọ ọ́ di Yorùbá: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú iná? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ibi tí wọ́n ń kó iná ọ̀sán pa mọ́ sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ lójú mi. A máa ń tọ́jú gàrí sínú ike, a máa ń tọ́jú ìwé sínú àpótí, kí ló dé tí a ò ní lè tọ́jú iná? Mo gbàgbé pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń tọ́jú aláìsàn, òun náà la fi ń tọ́jú ọmọ àti arúgbó. Èmi tí mò ń ti ẹnu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó bọ̀ láti Levenshulme, tí ọwọ́ mi ṣì ń rùn ọṣẹ ibẹ̀, èmi náà ni mo gbàgbé.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí WhatsApp. Bàbá kan láti ààfin ní àwọn kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nítòsí tàwọn nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan níbẹ̀ náà ní tí òjò bá ti ṣú nígbà yẹn, kíá lòun máa ń pa gbogbo gílóòbù. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fi aṣọ funfun bo tàwọn kó tó kú, àwọn sì ń gbàdúrà fún un lọ́jọ́ ìsinmi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí mò ń gbọ́ ọ, lójú ọ̀nà Stockport Road, mo rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin tó jókòó tì mí fi sún díẹ̀. Èyí tó gùn jù ni ti ìyá tó ń mójú tó ilé ìgbẹ̀bí. Ohùn rẹ̀ ló gbà sílẹ̀, mẹ́ta tẹ̀ léra, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Tíṣà, o ní báwo ni mo ṣe ń tọ́jú iná. Mo máa ń nu orí rẹ̀ kó má dípẹtà. Tí omi bátìrì bá fà nínú rẹ̀, mo máa ń bu òmíràn sí i. Tí iná ara rẹ̀ bá ti di pupa báyìí, mo ti pa á nìyẹn, ẹni bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Wọ́n fẹ́ kí n máa ṣáàjì fóònù gbogbo ìlú. Mo ní rárá o, ẹ wò ó, nǹkan yìí ń mí.”

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè òyìnbó, mo fi ṣe orí kẹta ìwé mi, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Wọn ò dáhùn ìbéèrè rẹ,” ó wí. “O béèrè ibi tí wọ́n ń kó iná sí, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń nu nǹkan.”

Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo lò ní ìtumọ̀ méjì lédè wa. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ibi tí omi ti ń jò. Ó ní àṣìṣe ìtumọ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, kí n má jẹ́ kó dùn mí. Kí n yọ orí kẹta kúrò, kí n lo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kó jọ ṣáájú láti ilẹ̀ olókè míì, àkókò ṣì wà. Tí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kí n má yege.

Ojú tì mí. Tíṣà tí kò mọ ìbéèrè béèrè, kí ló kù? Mo rí ara mi bí mo ṣe ń padà gun òkè wa láìsí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí mò ń fi ẹsẹ̀ ti bátìrì ẹnu ilẹ̀kùn yẹn sẹ́yìn kí n lè ráyè wọ kíláàsì. Nígbà tí mo délé, màmá ń lọ aṣọ ní ilé ìdáná. Mo kí i, mo sì rò ó fún un.

“Yọ ọ́ jàre,” ó wí láìgbójú sókè. “Give them what they want, kí o gba certificate ẹ. Èmi náà, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣé wọ́n mọ ìlú yín ni?”

Mo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o rò pé akọni ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ wá sórí tábìlì ilé ìdáná, mo ní kí n kàn tún gbọ́ ohùn ìyá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mo máa rí gbólóhùn kan gbà sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí n tó pa ìyókù rẹ́. Èkínní lọ, èkejì lọ. Nínú ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tó ti bú àwọn oníṣáàjì tán, ó ní: “Mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń kọ tàwọn aboyún.” Èmi ò tilẹ̀ fiyè sí i nígbà àkọ́kọ́, ewúrẹ́ yẹn ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Play that back.”

Mo tún fi sí i. Ó tẹ́tí, ó sì mi orí.

“Obs ni obìnrin yẹn ń ṣe,” ó ní. “Ogójì ọdún ni mo fi ṣe obs ní ward. Bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, o máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní time tó yẹ, kí ẹni tó máa gba shift lọ́wọ́ ẹ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣe obs fún bátìrì.”

“Mà, ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́.”

“Ẹni tó ń kọ chart lo fẹ́ yọ? Má dán an wò nínú ilé mi.”

Mo bẹ ìyá náà pé kó ya ìwé rẹ̀ ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ mélòó kan ló fi dé tán, nítorí orí òkúta kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní ìlú wa, ó sì di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ kó tó lè gòkè síbẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni, èyí tó ní àtẹ ìṣirò lẹ́yìn. Ó fi rúlà pín ojú ewé: ọjọ́, bí oòrùn ṣe rí, ìgbà tí iná pupa yọ, ìgbà tó bu omi sí i. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo òkè, ó máa ń kọ ọ́ pé, “Inú rẹ̀ ò dùn lónìí.” Láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí, o máa ṣàdédé rí ìlà kan tó dá dúró: “A bí obìnrin lábẹ́ iná rẹ̀.” “A bí ọkùnrin, ó pẹ́, iná ò lọ.” Mo kà á níwájú hítà, orí mi wú, omi sì bọ́ lójú mi. Bátìrì mẹ́rin ló gun òkè kan náà lọ́jọ́ kan náà, oòrùn kan náà ló ń ràn sí wọn. Tèmi ń ti ilẹ̀kùn. Tirẹ̀ ń gbẹ̀bí.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò ṣi ìbéèrè béèrè. Àwọn ará ìlú dáhùn ìbéèrè tó ju èyí tí mo rò pé mo bi wọ́n lọ. Mo ti ń wá ohun tó pa bátìrì iléèwé wa kiri inú ìwé, mo sì wà nínú àwọn tó pa á. Àwa tíṣà la so tẹlifísàn mọ́ ọn láti wo bọ́ọ̀lù títí tó fi gbẹ. Mo kọ ìyẹn náà sínú orí kẹta, kí ó má di pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mò ń bá wí.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo ti fi àáké kọ́rí. Mo tẹ́ fọ́tò àwọn ojú ewé náà síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́, mo rí i pé wọ́n wù ú. Síbẹ̀, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni, bátìrì kan ṣoṣo ni.

“Mẹ́rin ni,” mo wí. “Mẹ́ta ti kú. Kí lẹ rò pé ó yọ ọ̀kan sílẹ̀?”

Ó tún yẹ fọ́tò kan wò. Ó wá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n yí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì yẹn padà, kí n kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò, “maintenance”. Mo ní rárá. Maintenance ni ohun tí ẹnì kan máa ń ti ibòmíràn wá ṣe, tó sì máa ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó bá ṣe tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gun òkè wa. Mo ní ìtọ́jú ni mo máa kọ, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti àmì ìdí rẹ̀, mi ò sì ní túmọ̀ rẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n ṣe é bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n tó bá já sí ibi tí kò dára, kí n rántí pé òun kìlọ̀.  Mo kó àwọn fọ́tò mi jọ, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹni mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀gá mi wà nínú wọn. Òjò ń rọ̀ sára fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe níbí, láìkánjú. Mo sọ̀rọ̀ tán. Obìnrin kan láàárín wọn fi ìka sí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní kí ló dé tí mi ò lo ọ̀rọ̀ òyìnbó. Mo sọ fún un pé ọ̀nà méjì ni èdè tiwọn pín in sí: kí a kó nǹkan pa mọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí a máa mójú tó o jẹ́ ọ̀tọ̀. Èyí ló jẹ́ kí ènìyàn lè gbé bátìrì fún ìlú kan, kó ya fọ́tò, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Lédè tèmi, ẹni tó bá ní òun tọ́jú nǹkan, a ṣì lè bi í léèrè lọ́la bí nǹkan náà ṣe wà.

“Tí obìnrin náà bá kúrò níbẹ̀ ńkọ́?” ọkùnrin tó jókòó sí òpin béèrè.

“Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn tó gbé bátìrì wá ti béèrè nìyẹn,” mo dá a lóhùn.

Ó kọ nǹkan sínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ara mi jẹ́. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí n tún un sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa sọ ọ́.

Mo yege. Wọ́n gé máàkì mi díẹ̀ torí ìbéèrè tí mo bi àwọn ará ìlú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣe pàtó tó. Títí dòní mi ò gbà. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ náà, ó pè é bí orúkọ oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú kó tún un pè kí n tó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo pe ìyá ilé ìgbẹ̀bí lọ́sẹ̀ yẹn, mo bi í ní ìbéèrè ọkùnrin yẹn: tí ẹ bá kúrò ńkọ́, mà? Ó pòṣé. Ó ní òun ti ń kọ́ ẹnì kejì láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bátìrì náà wá, ṣé mo rò pé òun gọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè ohun tí wọ́n pe òun nínú ìwé náà. Mo ní, “Olùtọ́jú.” Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Mo rò pé ẹ ó pè mí ní ìyá tó ń nu bátìrì ni.”

Rochdale, ìlú kan lẹ́bàá Manchester, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́ tí wọ́n ti gbé sólà lé lórí, èmi ni mò ń gun wọn lọ wo bátìrì wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, bí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti ń kọ ọ́. Tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀kan nínú àwọn tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá béèrè iṣẹ́ mi, ó máa ń fi ohùn ìkẹ́dùn béèrè, bíi pé ó ti mọ ìdáhùn: “Ṣé care náà ni?” Nígbà kan rí, mi ò bá ti tètè sọ pé rárá, pé ẹnjiníà ni mí, pé mo ti kúrò nídìí ìyẹn. Ní báyìí, mo máa ń wò ó lójú, mo máa ń nàró ṣánṣán, mo sì máa ń dá a lóhùn pé, “Care ni.” Mi ò ní fi ohunkóhun kún un. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, níwájú àwọn tó lè rán mi padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó sì tó.